Sólà tó ń ká bí ẹní: oṣù mẹ́ta tí mo ti ń lò ó lóko

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Jámánì ló bá mi mú sólà yìí bọ̀ nígbà tí wọ́n wálé, òun ni mo ń lò lóko iṣu wa lẹ́yìn Kabba láti bí oṣù mẹ́ta. Kì í ṣe onígíláàsì bíi tòrùlé wa o, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ẹ̀gbẹ́ ahéré ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí.

Fóltéèjì ẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń ti iná jáde, ló wú mi lórí jù. Ìlà 7 ni mo kà lára ẹ̀, ìlà kan ni sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ẹyọ kan tó ń sọ òòrùn di iná, wọ́n so wọ́n tẹ̀léra, mo gbé mítà sí i lọ́sàn-án gangan ó ka fóltì 5.7, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì kan ń gbé 0.8 àti díẹ̀. Sílíkọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe onígíláàsì tá a mọ̀, bíi 0.6 ni sẹ́ẹ̀lì kan tiẹ̀. Kódà láàárọ̀ tí ìkùukùu ṣì bo òkè, mítà ń ka 5.

Ẹ̀gbọ́n mi ní bí wọ́n ṣe to mólíkù inú ẹ̀, ìyẹn ègé kíkéré tó para pọ̀ di èròjà, ló fà á. Èròjà méjì ni wọ́n pò pọ̀, tí òòrùn bá pa á, ọ̀kan á yọ ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù, ègé tíńtín tó ń gbé iná, sílẹ̀, èkejì á gbà á. Ẹ fojú wò ó bíi táńkì omi: èyí tó ń gbà ni táńkì, àyè tó ṣófo lára èyí tó fúnni ni ẹnu ẹ̀rọ, bí táńkì bá ṣe ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ tó ni omi á ṣe lágbára tó, fóltéèjì nìyẹn. Tí wọ́n bá so èròjà kan tó ń jẹ́ flúórìn mọ́ èyí tó ń fúnni, ẹnu ẹ̀rọ á tún lọ sísàlẹ̀ sí i, fóltéèjì á gòkè. Èròjà méjì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní P3HT (tó ń fúnni) àti PCBM (tó ń gbà), bíi 0.6 ni sẹ́ẹ̀lì wọn, PM6 (tó ń fúnni) àti Y6 (tó ń gbà) ti dé bíi 0.83, Y6 yẹn àwọn onímọ̀ Ṣáínà ló gbé e jáde ní 2019. Àmọ́ wọn ò lè gbé táńkì ga bó ṣe wù wọ́n o, tó bá ga jù ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù ò ní lè gun ún.

Ibi tó kù sí ni pé iná tó ń ṣàn ò pọ̀, fóònù mi ń gbà tó wákàtí 5 kó tó kún. Ẹnì kan tó ń ta sólà lọ́jà wa ní tí mo bá ra irú ẹ̀ mẹ́ta á gbé fíríìsà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbọ́! Fún fóònù àti tọ́ọ̀ṣì, mo fọwọ́ sí i gidi.

Ẹ má fi sójò ṣá, tómi àti afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ inú ẹ̀, mólíkù yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Igun tèmi kan ti ń ṣí, mo fi sẹ́lótéèpù dì í lọ́sẹ̀ tó kọjá, mítà ṣì ń ka 5.6.