Géèjì AC àti pọ́ǹpù fákúùmù: bí wọ́n ṣe wúlò tó fún HiAce àtijọ́

Ẹni tó bá ní HiAce tòkunbọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí: AC kò tutù, oníṣẹ́ ní ká fún un ní gáàsì, ó tutù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, afẹ́fẹ́ gbígbóná tún dé. AC kì í jẹ gáàsì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jẹ epo. Bí gáàsì bá dín, ibì kan ló ti ń jò. Kí èèyàn tó tún ra gáàsì mìíràn, géèjì olójú méjì tó ń wọn agbára gáàsì, àti pọ́ǹpù fákúùmù kékeré tó ń fa afẹ́fẹ́ àti omi jáde nínú páìpù AC, ló yẹ kó kọ́kọ́ rà.

Géèjì ni mo yìn jù. Ẹnu 13 mm ni ti hóòsì búlúù (ọ̀nà tí agbára gáàsì ti kéré), 16 mm ni ti pupa (ọ̀nà tí agbára ti ga), kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ ṣì wọ́n so. Kí ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀ tó ti tutù lábẹ́ ibòòji, ẹ wo abẹ́rẹ́ méjèèjì. Bí ojú ọjọ́ bá jẹ́ 30°C, nǹkan bíi 97 psi (ìwọ̀n agbára gáàsì) ló yẹ kí R134a, ìyẹn gáàsì AC, wà. Bó bá jẹ́ 50, ó ti jò dànù. Ẹ ṣáná sí i: nínú ooru 35°C, búlúù á wà láàrin 40 sí 55, pupa láàrin 220 sí 300. Bí búlúù bá ga tí pupa kò gbéra, compressor tó ń ti gáàsì kiri ti gbó. Bí pupa bá ń sáré kọjá 300 nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, ẹ má tíì fọwọ́ kan gáàsì, ẹ da omi sára condenser tó ń lé ooru gáàsì jáde. Bí abẹ́rẹ́ bá já wálẹ̀ tí AC sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ìdọ̀tí tó dí condenser tàbí fáànù tí kò yí dáadáa ló ń ṣe é.

Pọ́ǹpù ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì máa ń fò dá, ó sì ń dùn mí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. HiAce tó ní AC iwájú àti ẹ̀yìn ní evaporator (ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tutù) méjì àti páìpù gígùn. 20 ìṣẹ́jú kò tó o. Ẹ jẹ́ kó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fún 45 ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí abẹ́rẹ́ búlúù wọ 29 inHg (ìwọ̀n fákúùmù) ní ìsàlẹ̀ òdo. Ẹ ti géèjì, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ dúró fún 30 ìṣẹ́jú. Bí abẹ́rẹ́ bá gbéra, ó ń jò tàbí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Omi tó bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀ á di yìnyín lẹ́nu expansion valve, ihò tóóró tí gáàsì ń gbà wọ evaporator: AC á tutù, á dákẹ́, á tún tutù. Omi yẹn náà ló ń bá ọ́ìlì ṣe ásíìdì tó ń jẹ irin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ pààrọ̀ drier, agolo tó ń fa omi inú gáàsì, nígbàkigbà tí wọ́n bá tú páìpù.

Ibi tí eruku bá ti lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì, tó rí bí ẹrẹ̀ dúdú, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ẹ kọ́kọ́ wo páìpù tó lọ sẹ́yìn, níbi tí irin tó dì í mú ti ń ha á, kí ẹ tún wo ẹ̀yìn clutch compressor.

Àléébù wà. Rọ́bà kékeré ẹnu hóòsì tó bá wọn wá kì í pẹ́ já, òun fúnra rẹ̀ á wá máa jò, èèyàn á rò pé ọkọ̀ ni. Ẹ so hóòsì mọ́ pọ́ǹpù nìkan, kí ẹ dán an wò ná. Bí NEPA bá mú iná lọ lójijì, ẹ yára ti géèjì, torí pọ́ǹpù tí kò ní check valve (ohun tí kì í jẹ́ kí nǹkan padà sẹ́yìn) máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì rẹ̀ sá padà sínú hóòsì. Ọ́ìlì tó bá ti funfun bíi wàrà ti mu omi, ẹ dà á nù.

Géèjì yìí náà ló ń tú àṣírí gáàsì ayédèrú. Ẹ so ó mọ́ sílíńdà tó ti wà lábẹ́ ibòòji láti àárọ̀: bí abẹ́rẹ́ kò bá sún mọ́ 97 ní 30°C, ẹ dá a padà. Síkéèlì kò sí nínú páálí, ẹ ra tiyín lọ́tọ̀. Ìwọ̀n tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ni kí ẹ fi sí i, ẹ má kàn fi í títí páìpù á fi lààgùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ búlúù nìkan ni kí ẹ ṣí. Bí ẹ bá ṣí pupa, agbára compressor á ya padà sínú agolo gáàsì, ó sì lè bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.