Ẹ ṣọ́ra fún fíìmù HP5 tí wọ́n tún dì!

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fíìmù dúdú àti funfun ya eré ìje ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Oníjìbìtì kan ti gba owó lọ́wọ́ mi, inú mi ṣì ń hó bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ilford HP5 Plus ló polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní tuntun ni, pé inú fìríìjì lòun tọ́jú rẹ̀ sí. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ dín sí ti ṣọ́ọ̀bù. Díẹ̀ ni o, kò wọ́n débi tí yóò fi ba ẹnì kan lẹ́rù, ohun tó fi dín kò sì pọ̀ débi tí ara ìbá fu mí. Déètì ara páálí ṣì jìnnà, agolo rẹ̀ sì ní àmì DX tí kámẹ́rà fi ń mọ ìyára fíìmù. Kí ni kí n tún yẹ̀ wò?

Goodwood Revival ni mo kó o lọ, lẹ́bàá Chichester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ìgbà 1948 sí 1966 sáré. Gbogbo èrò ibẹ̀ ló ń múra bí ará àtijọ́. Bí ibì kan bá wà tó yẹ fíìmù dúdú àti funfun, ibẹ̀ ni. Mo dúró nítòsí kọ́nà St Mary's, ibi tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti fòpin sí iṣẹ́ Stirling Moss, awakọ̀ ìje ará Gẹ̀ẹ́sì, nínú Formula One ní 1962. Mo fi ìyára 1/60 (ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá) máa yí kámẹ́rà tẹ̀lé àwọn ọkọ̀, kí ọkọ̀ hàn kedere, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fà lọ gbọọrọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé àwòrán tó máa ń bọ́ sí i nínú irú èyí kì í pọ̀. Ọkọ̀ tó ti kọjá ti kọjá nìyẹn!

Mo fi ID-11, ògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù, fọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú 7 àbọ̀ ní ìwọ̀n ooru 20. Bí mo ṣe fà á jáde, ó ṣú bí omi àgbo.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi. Ó ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n yà, pé ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù. Èmi! Etí fíìmù, níbi tí ihò rẹ̀ wà, ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà kì í débẹ̀. Ó yẹ kó mọ́ gaara, kí orúkọ fíìmù àti nọ́ńbà sì hàn níbẹ̀. Tèmi ṣú títí dé etí, kò sí orúkọ kankan. Fíìmù HP5 mìíràn tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù wà nínú táńkì kan náà tí mo fi fọ̀ ọ́, ìyẹn mọ́ lóló. Ṣé ògùn máa ń yan èyí tó fẹ́ bà jẹ́ ni?

Nígbà tí mo ń ká a sórí rẹ́ẹ̀lì nínú òkùnkùn kí n tó fọ̀ ọ́ ni ọwọ́ mi ti kan téèpù, mo rò pé ti ilé-iṣẹ́ ni. Irọ́ ni. Agolo tí ẹnì kan ti lò tán ni wọ́n ṣà, wọ́n lẹ fíìmù àtijọ́ mọ́ ìdí tó ṣẹ́ kù lẹ́nu rẹ̀, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù dí páálí padà. Mo rí gọ́ọ̀mù yẹn o! Mo rí i, mo sì gbójú fò ó, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ṣùgbọ́n ta ló ń fura sí ẹnu páálí fíìmù? Olè ni ọkùnrin náà. Olè pọ́ńbélé.

Ó ní kí n fi owó ránṣẹ́ bí ẹni ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí PayPal. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní ààbò fún ẹni tó rajà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ní tèmi, mi ò ra fíìmù lọ́wọ́ aládàáni mọ́, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá mi ló ń tà á. Gbogbo wọn ló ní fìríìjì.

Ẹ wo ẹnu páálí. Ẹ wo orí fíìmù tó yọ síta: èyí tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé kì í rí bíi ti ilé-iṣẹ́. Bí ẹ bá ti rà á ná, ẹ gé bí ìka kan nínú òkùnkùn láti apá tó ṣì wà nínú agolo, láì yà á, kí ẹ fọ̀ ọ́. Bí kò bá mọ́ gaara, ẹ dá a padà kí ọjọ́ eré tó pé.