Chntpw: ohun tó bá mi ṣí kọ̀ǹpútà bàbá mi

Oṣù mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà bàbá mi fi jókòó sórí tábìlì bí ère. Windows 7 ni. Bàbá yí pásíwọ́ọ̀dù padà fúnra wọn, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ìpè kan, wọ́n sì sọ káàdì nù. Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ládùúgbò ní àfi kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́. Fọ́tò ìsìnkú màmá àgbà wà níbẹ̀ o! Mo gbé e padà sílé.

Ni mo bá gbé chntpw sórí fílaàṣì, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Petter Nordahl-Hagen ṣe, mo sì tan kọ̀ǹpútà láti orí ẹ̀. Kò lẹ́wà rárá: ojú dúdú, lẹ́tà funfun, ìbéèrè lórí ìbéèrè. Ó kó orúkọ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà jáde, mo yan ti bàbá, mo tẹ 1 kó pa pásíwọ́ọ̀dù rẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá kó kọ àyípadà yẹn sílẹ̀. Y ni kẹ́ ẹ tẹ̀ níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òfo ni. (Òfo ni tèmi nígbà àkọ́kọ́.) Ìgbà kejì, Windows ṣí gbayawu.

Kò wúlò fún àkáǹtì Microsoft tó ń fi íméèlì wọlé, kò sì lè kọjá BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti gbogbo dísíìkì pa. Bó bá jẹ́ EFS, ohun tí Windows fi ń ti fáìlì kọ̀ọ̀kan pa, lẹ fi ti fáìlì yín pa, ẹ má dán an wò: fáìlì ọ̀hún ò ní ṣí mọ́.

Bàbá ti yan pásíwọ́ọ̀dù tuntun. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.