Maṣíìnì Ọlọ́wọ́ Tí Mo Rà Ní Múṣin

Oṣù kẹfà rèé tí mo ti ra maṣíìnì ìránṣọ ọlọ́wọ́ kan, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, lọ́wọ́ bàbá télọ̀ kan ní Múṣin, tí ọjọ́ ogbó mú kí wọ́n palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́. Mo ti fi rán aṣọ fún ẹni mẹ́rin nínú ilé mi, mo ti fi rán kọ́tìnnì, aṣọ orí tábìlì àti àpò ìrọ̀rí, a sì ti wọ ohun tí mo rán jáde lójú ọ̀sán gangan, níbi tí èrò ti ń wò wá. Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe rí fún ẹni tí ó bá ń gbèrò láti ra irú rẹ̀, nítorí pé mo ń rí àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ràn ohun ayé àtijọ́ bí èmi, tí wọ́n ń ra maṣíìnì dúdú wọ̀nyí, tí wọ́n gbé òdòdó lé e lórí, tí wọn kò sì fi òwú kàn án rí. Èmi kò rà á fún ẹ̀ṣọ́.

₦95,000 ni bàbá kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí mo ní ₦50,000 ni n óò san, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n wò mí, wọ́n ní: “Ìyàwó wa, òun ni mo fi rán aṣọ, òun náà ni mo fi rán ọmọ mẹ́rin lọ sí ilé ìwé. Má ná an bí ẹni ń ná tòmátì.” Ojú tì mí díẹ̀. A parí rẹ̀ sí ₦65,000, wọ́n sì fi bóbìn márùn-ún (ohun kékeré tí a ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí), abẹ́rẹ́ díẹ̀ àti àlùmọ́gàjí ńlá kan ṣe èènì. Irin ni ara rẹ̀, àyàfi ìdí àti ìdérí rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ pákó. Wọ́n fi àwọ̀ wúrà ya òdòdó sí i lára, ṣùgbọ́n òdòdó náà ti pa rẹ́ níbi tí ọwọ́ bàbá ti ń gbà kọjá láti ọdún pípẹ́, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kun ibẹ̀. Ó wúwo púpọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé òun yóò máa fi ọwọ́ kan gbé e kúrò lórí tábìlì oúnjẹ kí àlejò tó wọlé, kí ó tún inú rò. Nígbà tí mo ń gbé e bọ̀ ní Sùúrùlérè, oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá gba owó èrò méjì lọ́wọ́ mi, kò sì jẹ̀bi.

Ilé iṣẹ́ Singer, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1851, ní ẹ̀yà maṣíìnì kan tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 15, èyí tí àwọn ará Japan àti Ṣáínà ti ṣe àfijọ rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀kan nínú àfijọ ti Ṣáínà ni tèmi. Ohun tí ó mú mi sọ èyí ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra maṣíìnì àtijọ́ bi ara rẹ̀ kì í ṣe bóyá ó lẹ́wà, bí kò ṣe bóyá bóbìn àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Ti nọ́ńbà 15 wà ní ọjà Ojúwoyè ní Múṣin, níbi tí àwọn télọ̀ ti ń ra òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti àwọn ohun èlò wọn yòókù. Àwọn maṣíìnì kan wà tí wọ́n dàgbà ju tèmi lọ, tí wọ́n sì rẹwà jù ú lọ, tí bóbìn wọn gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó ń lọ síwá sẹ́yìn nínú irin kan tí ó dà bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó bá rí irú ìyẹn, kí ó gbé òdòdó lé e lórí ní tòótọ́, nítorí ibi tí yóò ti rí bóbìn rẹ̀ rà kò yé mi.

Ìdí tí mo fi fẹ́ ọlọ́wọ́ kò ju ọ̀rọ̀ iná lọ. Mo ní maṣíìnì oníná kan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí iná bá wà ni n kì í sí nílé, nígbà tí mo bá sì dé, jẹnẹrétọ̀ ni. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí lítà epo kan fò láti ibi tí kò tó ₦200 lọ sí ibi tí ó ju ₦480 lọ, mo ṣírò iye epo tí mo ń dà sí jẹnẹrétọ̀ nítorí àtirán etí kọ́tìnnì kan ṣoṣo, mo sì rí i pé ó sàn kí n gbé kọ́tìnnì náà lọ fún télọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá èyí tí kò mọ NEPA rí.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò rọrùn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń yí i, ọwọ́ òsì nìkan ni ó sì kù láti darí aṣọ. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún mi kí n tó sanwó. Bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ó ń rán, nítorí náà ìró kan lè gba ìrọ̀lẹ́ odindi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí mo rán ni ó wọ́ bí ọ̀nà oko. Mo wá kọ́ pé kí n máa fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán aṣọ mọ́ra fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kí n tó gbé e sábẹ́ maṣíìnì, kí ọwọ́ òsì má baà ní iṣẹ́ púpọ̀. Ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ó máa ń bá mi yí i nígbà mìíràn, tí èmi yóò fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ mú. Ṣùgbọ́n ní ọrùn bùbá, níbi tí maṣíìnì oníná ti máa ń sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́, ọlọ́wọ́ yìí ń dúró dè mí. Mo lè rán ojú abẹ́rẹ́ kan, kí n dúró, kí n yí aṣọ díẹ̀, kí n tún rán òmíràn. N kò rán ọrùn tí ó yí po tó bẹ́ẹ̀ rí.

Òwú méjì ni maṣíìnì ń lò, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti inú bóbìn, àárín aṣọ ni ó sì yẹ kí wọ́n ti dì mọ́ra. Nígbà tí òwú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ jọ bí irun àgùntàn sí abẹ́ aṣọ, mo fi ọjọ́ méjì tú ilé bóbìn, mo fọ̀ ọ́, mo dè é, kò yí padà. Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní bí ìdààmú bá wà nísàlẹ̀, òkè ni kí n wò. Òótọ́ ni: òwú òkè kò wọ àárín àwo kékeré méjì tí ó yẹ kí wọ́n dì í mú. Abẹ́rẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tẹ́jú, èkejì ní ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbẹ́ sí i, ẹ̀gbẹ́ tí ó ní ojú ọ̀nà yìí sì ni òwú gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Bí a bá fi í sí òdì, yóò máa fo ojú abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 ni mo ń lò fún àdìrẹ àti ànkárá, 16 fún aṣọ òkè.

Àárẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ṣe é, ilé wa ni ó ti wá. Ọkọ mi gbọ́ tí ó ń han, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó sì bu òróró ìdáná sí i lára. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé a ta àtè sí i. Kẹrosíìnì ni mo fi fọ ọ́ jáde, ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, kí n tó wá kán òróró maṣíìnì gidi sí i. Ìgò kékeré rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ẹ fi í pamọ́ kúrò nítòsí ilé ìdáná.

Ohun tí mo rà á fún gan-an ni aṣọ ólekú. Nínú fọ́tò kan tí ìyá mi yà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n wọ bùbá tí apá rẹ̀ fẹ̀ bí ìyẹ́ àṣá, ìró wọn kò ju orúnkún lọ, gèlè wọn kéré, ó sì mọ́ orí. Télọ̀ òde òní tí mo bá ní kí ó rán irú rẹ̀ máa ń fún mi ní bùbá tí ó fún mọ́ ìgbáròkó, tí ó ní síìpù lẹ́yìn, bí ẹni pé bùbá ń ṣe àìsàn. Bùbá kò nílò gbogbo ìyẹn: aṣọ kan tí a ká sí méjì ni ara rẹ̀, onígun mẹ́rin ni apá rẹ̀, iṣẹ́ sì kù sí ọrùn.

Ìyá mi fún mi ní ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ wọn kan tí wọn kò wọ̀ mọ́. Aṣọ méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀ láti di ìró kan nígbà náà, ẹ̀kọ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni wọ́n sì fi ń ya iṣẹ́ sí i kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ìbàdàndùn ni eléyìí, èyí tí òpó Mápó, gbọ̀ngàn ìlú Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1929, máa ń wà nínú rẹ̀. Mo tú ojú rírán àárín rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ká ọ̀kan sí méjì, mo gé ọrùn, mo rán an, inú mi sì dùn títí ìyá mi fi ní kí n yí ẹ̀yìn padà. Wọ́n ní: “Mápó ti dojú dé lẹ́yìn rẹ o.” Bí a bá ká aṣọ ní èjìká, iṣẹ́ tí ó dúró níwájú yóò dorí kodò lẹ́yìn, èyí kò sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní láti gé e ní èjìká, kí n yí ẹ̀yìn náà padà, kí n tún rán an pọ̀. Òpó ti dúró báyìí, ojú rírán sì wà ní èjìká tí ẹni tí ó bá mọ bùbá yóò rí.

Maṣíìnì yìí kò lè di etí aṣọ kí ó má baà tú, bí ti àwọn oníwíífìn. Nítorí náà, ọ̀nà àtijọ́ ni mo ń gbà: n óò kọ́kọ́ rán aṣọ pọ̀ kí ojú rẹ̀ wà níta, n óò gé etí rẹ̀ kúrú, n óò yí i sínú, n óò sì tún un rán kí etí náà wọ inú àpò tí ó ṣe. Ó gba àkókò ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n inú aṣọ náà mọ́ bí ìta rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rán inú bùbá àtijọ́ ìyá mi nìyẹn, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni.

A wọ̀ wọ́n jáde ní ọjọ́ Sátidé kan: ólekú fún èmi àti ọmọbìnrin mi, dàńṣíkí fún ọkọ mi àti ọmọkùnrin wa. A wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line ní Tíátà, Ìgànmú, èyí tí ó ti ń gbé èrò láti Mile 2 dé Marina láti oṣù kẹsàn-án 2023, a ta káàdì Cowry wa mọ́ ẹnu ọ̀nà, a sì gba orí ọ̀sà kọjá. Lórí àtẹ̀gùn ni mo ti mọ ìdí tí ìyá mi fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí n rán okùn mọ́ inú ìró: atẹ́gùn fẹ́ sí ìró kúkúrú náà, okùn sì dì í mú. Láti Marina, ẹsẹ̀ ni a fi rìn dé Freedom Park, tí ó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó ní Broad Street kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Níbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn nígbà náà ni orí ìtàgé wà báyìí. Ọkọ mi gbé ọmọkùnrin wa lé èjìká kí ó lè rí i, mo sì ń wo abẹ́ apá dàńṣíkí rẹ̀ ju orí ìtàgé lọ. Kò ya. Ooru mú wa, ṣùgbọ́n apá bùbá tí ó fẹ̀ ń gba atẹ́gùn wọlé. Aró nìkan ni ó dà wá: nígbà tí a délé, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ọmọkùnrin wa ti di búlúù, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn mi. Ẹjọ́ àdìrẹ nìyẹn, kì í ṣe ti maṣíìnì.

Ẹni tí ó bá ń rán aṣọ tà, kí ó má rà á. Ebi yóò pa á. Kò lè rán aṣọ tí ń nà, ihò bọ́tìnnì sì di iṣẹ́ ọwọ́. Kọ́tìnnì pálọ̀ mi gba alẹ́ mẹ́ta, èjìká ọ̀tún sì dùn mí títí di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n fún ìró, bùbá, gáùn ọmọdé, aṣọ orí tábìlì tí mo fi ìyókù àdìrẹ náà ṣe, àti àtúnrán tí kì í tán nílé ọlọ́mọ, n kò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni, ₦65,000 náà kò sì dùn mí.

Ohun kan ṣoṣo tí ó ya lọ́jọ́ náà ni àpò dàńṣíkí ọmọkùnrin wa. Ó kó òkúta sínú rẹ̀ nínú ọgbà náà, mo sì ti gbàgbé láti rán ẹnu àpò lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ṣókùnkùn nígbà tí a dé. Mo gbé fìtílà sórí tábìlì, ọmọbìnrin mi yí ọwọ́ maṣíìnì, mo di aṣọ mú. Nígbà tí wọ́n fi máa mú iná dé ní aago mọ́kànlá, ọmọkùnrin wa ti da òkúta rẹ̀ padà sínú àpò, ó sì ti sùn.