Kinesin tí mo rà, àti ọjọ́ mẹ́rin tó lò ní pápákọ̀ òfurufú Àbújá

Kinesin ni purotéènì tó ń gbé ẹrù rìn kiri nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹrù tí kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù -80°C ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá ọ̀gbẹ́ni tó ń dá wa lóhùn níbẹ̀. Ó ní kí n mú ìwé wá láti ibi iṣẹ́, mo mú un wá. Ó ní ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i ti lọ jẹun. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, yìnyín gbígbẹ ló wà nínú ẹ̀, ó ń bá atẹ́gùn lọ." Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, mọ́mì, á ṣì wà ńbẹ̀." Nígbà tí mo ṣí páálí, kò ku yìnyín kankan. Tubulin, purotéènì tí a fi ń ṣe òwú tí kinesin ń rìn lórí rẹ̀, ti yọ́, ó ti kú. Inú mọ́tò ni mo ti sunkún.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á fún mi tìbínútìbínú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, obìnrin kan ti dáhùn. Ó ní kí n ya fọ́tò àwọn ìgò kékeré náà, kò sì bá mi jiyàn rárá. Ó fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, yìnyín rẹ̀ pọ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo dúró dè é, orí itan mi ni kúlà náà wà títí a fi dé Gwagwalada.

Mo ti ń kà nípa kinesin láti ilé ìwé, pé inú iṣan ìmọ̀lára (nerve) ẹran omi squid ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1985, ṣùgbọ́n mi ò fojú rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí. A kọ́kọ́ da casein, purotéènì inú wàrà, sórí gíláàsì tí a gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró sí, kí kinesin má baà bàjẹ́ lórí gíláàsì lásán. A fi kinesin sí i, a fi àwọn microtubule, òwú tín-ín-rín tí a fi tubulin ṣe, lé e, a wá da ATP, èròjà tó ń fún kinesin lágbára, sí i. A pa iná yàrá, mo wojú maikirosikópù.

Wọ́n ń rìn! Òwú pupa tín-ín-rín ń yọ́ lọ lórí àwọn kinesin bí ìgbà tí èrò bá ń gbé ọmọ kọjá lórí ara wọn, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan 8 nm (nm kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà kan). Wọn ò yára o: kí ọ̀kan tó kọjá ìbú irun orí kan, ó tó ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Ọ̀kan lọ forí gbá ògiri ojú ọ̀nà náà. Mo rò pé ó parí. Ó tẹ orí, ó sì ń bá ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo kígbe débi pé ọmọ iṣẹ́ mi sáré wọlé.

Àmọ́ wọn ò sọ fún wa pé a máa ra oògùn tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pa àwọ̀ òwú náà rẹ́ lọ́tọ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi ṣú mọ́ wa lójú, tí àwọn òwú sì ń já.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti ní kí wọ́n fi méjì sí i ránṣẹ́.