Ìpàdé ìfikùnlukùn lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tọrọ ààbò ní Yúróòpù: ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún un

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Méjì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n yí padà nínú ìwé pélébé kan ló mú kí n fi ẹyọ kan lé e. Màá dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí tí mo fi ń wo nǹkan, ògbufọ̀ ni mí ní gúúsù Ítálì. Tí ọmọ Yorùbá kan bá fẹ́ tọrọ ààbò, tí kò gbọ́ èdè Ítálì, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà kò sì ju “gúdù mọ́nìn” lọ, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n jókòó sáàárín òun àti àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní Kọmíṣọ̀n, ìgbìmọ̀ ìjọba Ítálì tó ń pinnu ẹni tó máa rí ààbò gbà. Ọdún kọkànlá rèé. Mo tún wà nínú ẹgbẹ́ kékeré kan, a ò pé ogún, tó ń bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù, tó sì ń sìn wọ́n lọ bá lọ́yà. Orúkọ ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n fi pè mí sí Brussels.

Irú ìpàdé yìí kì í ṣe ojúrere tí ẹnìkan ṣe fún wa o. Àdéhùn tó so àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) pọ̀ sọ ọ́ ní abala 11 pé kí àwọn iléeṣẹ́ EU máa bá ẹgbẹ́ aráàlú fọ̀rọ̀ wérọ̀, ní gbangba, déédéé. Ìdí nìyẹn tí EUAA, àjọ EU tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìtọrọ ààbò, tó fìdí kalẹ̀ sí Valletta ní Malta, fi ní ìgbìmọ̀ ìfikùnlukùn. Frontex tó ń ṣọ́ ẹnubodè ní tirẹ̀. European Commission, tó jẹ́ apá aláṣẹ EU, àti EESC, ìgbìmọ̀ tó ń gba EU nímọ̀ràn lórí ọrọ̀ ajé àti àwùjọ, náà ti ń pe ìpàdé European Migration Forum lórí ọ̀rọ̀ ìṣíkiri láti ọdún 2015. Yàtọ̀ sí àwọn ńlá wọ̀nyí, àwọn ìpàdé kéékèèké tún wà káàkiri. Ọ̀kan nínú wọn ni mo lọ nígbà ìkórè ọdún 2025. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì tó pè é, nítorí mo ṣì fẹ́ kí wọ́n máa pè mí.

Ìwé ìpè dé sínú íméèlì mi nígbà tó ku ọjọ́ 9. Wọ́n so ìwé kan mọ́ ọn, ojú ewé 84, Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Wọ́n ní ká kà á, ká sọ tẹnu wa sínú fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àpótí tí a ó kọ ọ̀rọ̀ sí kò gbà ju lẹ́tà 2,000 lọ, àlàfo pẹ̀lú. Mo kọ, mo kọ, ó gé mi lẹ́nu láàárín gbólóhùn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Owó ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ní àwọn máa san án padà, ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá kọ́kọ́ yọ ọ́ lápò. Yúrò 214 ni tèmi. Ọ̀sẹ̀ méje ló lò kó tó dé. Ẹgbẹ́ ńlá tó ní ọ́fíìsì sí Brussels, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi ìpàdé, kò ní mọ ohun tí mò ń sọ yìí. Lọ́dọ̀ tiwa, owó tẹlifóònù ẹgbẹ́ fún oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ìràwọ̀ kan ti lọ síbẹ̀.

Tí a bá wọlé, nǹkan dára. Gbọ̀ngàn mọ́, kọfí gbóná, orúkọ mi wà lórí káàdì ọrùn, àmọ́ wọ́n ti jẹ àmì rẹ̀ tán pátápátá, ó wá di orúkọ ẹlòmíràn. Àwọn ògbufọ̀ tó wà nínú yàrá gíláàsì lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni mo gbádùn jù. Méjì méjì ni wọ́n jókòó. Bí ó bá ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èkíní á gbé máìkì fún èkejì, á mu omi, á sì máa bá a kọ àwọn nọ́ńbà sórí bébà kí nǹkan kan má bàa bọ́. Èmi tí mo máa ń dá jókòó fún wákàtí mẹ́rin, tó jẹ́ pé tí mo bá ní mo fẹ́ mu omi, wọ́n á wò mí bí ẹni tó fẹ́ sá níbi iṣẹ́! Mo fi ẹ̀rọ sétí láti gbọ́ Faransé tí mi ò gbọ́ dáadáa, kí n kàn lè máa gbọ́ bí obìnrin kan ṣe ń mí láàárín gbólóhùn sí gbólóhùn. Oníṣẹ́ ọwọ́ gidi. Tí ó bá jẹ́ pé ògbufọ̀ nìkan ni mò ń fún ní ìràwọ̀, márùn-ún ni, mà á tún wá ẹyọ kan kún un.

Àwọn ọ̀rọ̀ àárọ̀, ẹ má jẹ́ ká pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ kú àbọ̀, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́, ó di wákàtí kan àtààbọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá kan wá ka òfin tuntun EU lórí ìṣíkiri àti ìtọrọ ààbò sí wa létí, èyí tí wọ́n ń pè ní Pact. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ó fi yẹ èèyàn wò ní ẹnubodè. Ọmọ ọdún 6 náà yóò máa tẹ̀ka sínú Eurodac, àkójọ ìtẹ̀ka EU, ọmọ ọdún 14 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wá láti ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ń rí ààbò gbà kò ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹnubodè níbẹ̀ ni wọ́n ó ti dá ọ̀rọ̀ rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 12, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn pẹ̀lú. Orílẹ̀-èdè tí kò bá fẹ́ gba èèyàn sọ́dọ̀ lè san 20,000 yúrò lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. 12 oṣù Kẹfà 2026 ni ìlò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní òun wà ní ilé aṣòfin Yúróòpù ní 10 oṣù Kẹrin 2024, lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò sí i, tí àwọn kan wà lókè níbi ìjókòó àlejò tí wọ́n ń pariwo pé òfin yìí ń pààyàn, tí wọ́n sì ń ju ọkọ̀ òfuurufú oníbébà sórí àwọn aṣòfin. Wọ́n dúró díẹ̀, ariwo rọlẹ̀, wọ́n dìbò lọ. Nígbà tó di 14 oṣù Karùn-ún, àwọn ìjọba fọwọ́ sí i, Họ́ngárì àti Pólàńdì ló kọ̀ ọ́. Ó ní òun mú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ bébà náà lọ sílé.

Mo ti kọ “ọ̀sẹ̀ 12” sórí bébà tèmi, mo sì fa igi yí i ká. Ọmọkùnrin kan wà tí mò ń gbufọ̀ fún, mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Oṣù kẹrin tí a ti mọra ló tó sọ ohun tó lé e kúrò nílé fún mi. Ṣáájú ìgbà náà, tí a bá bi í, á ní “iṣẹ́ ni mo wá ṣe.” Ojú ń tì í. Lọ́jọ́ tó máa sọ ọ́, ìdí ọkọ̀ la dúró sí, ọkọ̀ méjì kọjá kó tó parí ọ̀rọ̀. Ká ní ẹnubodè ló wà lábẹ́ òfin tuntun yìí, wọn ì bá ti dájọ́ rẹ̀ tán lórí “iṣẹ́ ni mo wá ṣe.” Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá náà bóyá nǹkan kan ṣì lè yí nínú ọ̀sẹ̀ 12 yẹn. Ó dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé òfin ti jáde, bí a ó ṣe lò ó la wá sọ. Ìràwọ̀ kejì lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá rò pé ẹ máa débẹ̀ yí òfin padà, ẹ fowó ọkọ̀ yín pamọ́.

Ọ̀sán ló yàtọ̀. Wọ́n pín wa sí yàrá mẹ́ta, tèmi dá lórí ìwé tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ẹ̀tọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ní, aago kan sì wà lójú ògiri tó ń kà á sẹ́yìn pẹ̀lú iná pupa. Nígbà tó kàn mí, mo yọ ìwé pélébé Yorùbá kan síta, èyí tí wọ́n fún ọmọkùnrin mi yẹn ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti kọ́kọ́ gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nínú rẹ̀, wọ́n bi í pé: “Se ogunlende ni o?” Ó fa igi sí “rárá”. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, “Mọ́mì, ogun kọ́ ló lé mi o. Ìlú wa tòrò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló lé mi, òun àtàwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn rẹ̀.”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ náà. Ogunléndé: ẹni tí ogun lé dé. Gbogbo Yorùbá ló gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ogun wà níbẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ gbé Àdéhùn Geneva ti 1951 wò. Ìdí márùn-ún ló wà níbẹ̀: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ àwùjọ tí èèyàn wà, àti èrò òṣèlú. Ogun kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ lò ti sọ fún ẹni tí àdéhùn yín ń wá pé kì í ṣe òun ni ẹ ń wá. Tí ẹ kò bá sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀, wàhálà mìíràn ni. “E o te owo” tí ẹ kọ nípa ìtẹ̀ka, mo ti rí ẹni méjì tó bi mí pé èló ni wọ́n fẹ́ gbà.

Mo gbójú sókè wo yàrá gíláàsì. Ògbufọ̀ Faransé ti dákẹ́, ó ń wò mí, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún un sọ díẹ̀díẹ̀: o-gun-lé-n-dé. Ó sọ ọ́ sínú máìkì, ohùn rẹ̀ sì gbà á dáadáa. Iná pupa tàn. Lẹ́yìn ìpàdé, ó sọ̀ kalẹ̀ wá béèrè bí a ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní ọ́fíìsì tó pè wá náà tẹ̀ lé mi dé ibi kọfí, ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀. Mo ní “ẹni tó sá wá tọrọ ààbò”, ẹ má jẹ́ kí a mọ ohun tó lé e kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ ọ́.

Ẹ fi ibi kọfí yẹn sọ́kàn tí ẹ bá ń lọ. Lórí pèpéle, ẹnìkan kì í lè sọ pé “ẹ tọ̀nà”, ṣùgbọ́n níbi kọfí, wọ́n ń sọ ọ́.

Àkọsílẹ̀ ìpàdé jáde lẹ́yìn oṣù kan, ojú ewé 6. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mi di ìlà kan: “Olùkópa kan mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ èdè.” Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọ́n dànù nínú gbogbo ohun tí a sọ, bẹ́ẹ̀ mo wá a léwé léwé. Ìràwọ̀ kẹta lọ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dọ́kùnrin níbi kọfí fi ìwé pélébé tuntun ránṣẹ́. Ogunléndé ti kúrò. Àmì wà lórí “ọwọ́”. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta nínú bọ́ọ̀sì.

Ohun kan wà tí mo gbé dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n ní ká sọ èrò wa nípa ìpàdé. Àwọn Yorùbá ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Nínú gbọ̀ngàn tí èèyàn tó ọgọ́rùn-ún ti jókòó, ẹni méjì ni mo rí tó ti tọrọ ààbò rí, àwọn méjèèjì sì ti rí ìwé gbà tipẹ́. Mo ní kí wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ nígbà mìíràn fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì. Wọ́n dáhùn kíákíá, pẹ̀lú inú dídùn: wọ́n gbà. Kí ẹni náà kàn mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ wá.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dúró de Kọmíṣọ̀n kò lè gbé e kúrò ní Ítálì. Tó bá dé Brussels, wọ́n lè fi òfin EU tó ń sọ orílẹ̀-èdè tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni dá a padà sí Ítálì kí ìpàdé tó parí. Mo ṣàlàyé èyí fún ọmọkùnrin mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n gba ohùn mi sílẹ̀ fún yín.” Ó gbà á sórí fóònù mi nínú ilé ìdáná wa, ó ní kí n kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ amúǹkantutù nítorí ariwo rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni. Ó wọ inú mẹ́ta tèmi, ó sì ku ogún tí màá fi sọ pé ẹ kú ìjókòó.