Èèrù, ìyèré àti ìgò àgbo kan: ohun tí mo lò lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ mi jáde

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù. Nígbà tá a délé, màámi ti dé ṣáájú wa láti Ìṣẹ́yìn. Wọn ò tíì kí mi kú ewu ọmọ tán tí wọ́n fi ń tú àpò: èèrù, ìyèré, ẹfinrin tútù, ata ilẹ̀, òrí inú ike kan. Ìgò àgbo kan wà ní ìsàlẹ̀ àpò, wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé e. Ó ti di oṣù méje báyìí. Àwọn aboyún àdúgbò máa ń bi mí èwo ló ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgò yẹn, torí òun ló dùn mí jù. Ẹni tó tà á fún màámi ní ₦3,500 sọ fún wọn pé obìnrin tí wọ́n là nínú kì í da ẹ̀jẹ̀ nù bí ẹni tó bí lójú ara, pé ẹ̀jẹ̀ dídì ṣì kù nínú ilé ọmọ, àfi kí àgbo fọ̀ ọ́ jáde. Kò sí orúkọ ewé kankan lára ìgò, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ọjọ́ tí wọ́n sè é. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn ògógóró ló kọ́kọ́ bá mi nímú. Ó yẹ kí n gbé e sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó fi ilé sílẹ̀ wá wẹ ọmọ fún mi, ẹnu wo ni n ó fi sọ fún wọn pé mi ò mu?

Ife kékeré láàárọ̀, ife kékeré lálẹ́. Ní ọjọ́ kejì inú mi ti ṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo dìde lóru ọjọ́ kan, èmi tó jẹ́ pé tí mo bá fẹ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní láti kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, kí n fọwọ́ di ikùn mú, kí n tó ti ara mi sókè. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹnu mi gbẹ, ọmú mi rọ̀, ọmọ ń fà á, ó ń ké. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ń pọ́n rúsúrúsú tún pọ́n fòò.

Ọkọ mi ló gbé mi padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n wọn ìfúnpá mi, wọ́n yẹ ojú abẹ wò, wọ́n sì ṣàlàyé fún èmi àti màámi láìgbé ohùn sókè. Wọ́n ní dókítà tó bá ṣiṣẹ́ abẹ náà máa ń yọ ibi ọmọ, á sì nu inú ilé ọmọ kí ó tó rán an. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wá lẹ́yìn náà, bó ṣe ń wá fún ẹni tó bí lójú ara ló rí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ilé ọmọ ló ń sún kì, òun ló ń tì í jáde, ọmọ tó sì ń mu ọmú ń bá a ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọtí inú àgbo, wọ́n ní, á máa gba inú wàrà dé ara ọmọ. Màámi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọn ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Ó ṣì ń dùn mí fún wọn, torí ìfẹ́ ni wọ́n fi ná owó yẹn.

Ìyèré àti èèrù ni mo fẹ́ yìn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, afẹ́fẹ́ há sí mi nínú, ó ń gún mi dé èjìká. Màámi a fi ẹja àrọ̀ se ọbẹ̀ olómi, ìyèré lílọ̀ díẹ̀ ní orí ṣíbí, èèrù mẹ́ta tí wọ́n ti fọ́ tí wọn á sì yọ kúrò kí wọ́n tó bu ọbẹ̀, ẹfinrin lásẹ̀yìn. Ara mi á là, òógùn á bọ̀ mí lójú, mo sì máa ń rí àyè mí dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò ní sọ pé ọbẹ̀ nìkan ló ṣe é, torí láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń fà mí dìde kí n rìn ní wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí n tún fẹ́ jẹun. Gbogbo èyí tí mo lò ò ju ₦1,500 lọ.

Omi ata ilẹ̀ líle ni nọ́ọ̀sì ní kí n fi sílẹ̀ ná, torí mo ṣì ń gba abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Díẹ̀ nínú ọbẹ̀ ò burú. Ní ti àìrígbẹ́yà tí oògùn tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ fà, ìbẹ́pẹ pípọ́n láràárọ̀ pẹ̀lú omi púpọ̀ ló bá mi yanjú rẹ̀. Màámi tún fẹ́ fi omi gbígbóná jó ikùn mi bí wọ́n ṣe ṣe fún mi nígbà àkọ́bí. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbé táwẹ́lì náà lọ sí ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi gan-an.

Mi ò fi ewé kankan kan ojú abẹ rárá. Òrí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á ní ọ̀sẹ̀ keje, nígbà tó ti pa pọ̀ dáadáa. Ó mú kí yíyún rẹ̀ dínkù. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má gba ẹni tó bá ní òrí á pa á rẹ́ gbọ́.

Àbúrò mi máa bí ní oṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ ni. Màámi ti lọ ra ìyèré àti èèrù sílẹ̀ ní ọjà Bódè. Lánàá ni wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ń bi mí bóyá nọ́ọ̀sì yẹn ṣì wà níbẹ̀, kí àwọn lè kọ́kọ́ gbé àpò náà dé ọ̀dọ̀ wọn.